Òótọ́ àbí irọ́? “Ẹ̀yìn ríro ò mọ olówó, kò mọ tálákà”

Ní gáréèjì tí mo ti máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ìyá alágbo kan máa ń gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀ kí aago mẹ́fà tó lù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin méjì dúró níwájú rẹ̀. Alábàárù ni ọ̀kan, òṣùká rẹ̀ ṣì wà ní apá. Èkejì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ jíìpù, ó wọ agbádá, ó sì fi ọwọ́ ti ìbàdí bí ó ti ń bọ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì béèrè: àgbo ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìyá náà bu fún wọn, ó wò wọ́n títí wọ́n fi mu ún tán, ó wá ní: “Ẹ ò rí i? Ẹ̀yìn ríro ò mọ olówó, kò mọ tálákà.” Gbogbo àwa tó wà nítòsí la mi orí.

Èmi náà mi orí. Ìgbà tí ọkọ̀ wa gbéra ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí mi lọ́kàn. Alábàárù yẹn ń padà sídìí ẹrù. Alágbàdá ń padà sínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ṣé ibi kan náà ni ẹ̀yìn wọn máa wà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣiyèméjì bíi tèmi, torí náà ẹ jẹ́ ká jọ gbé e sórí ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ìyá alágbo ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí pé kò parọ́ tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2020, mílíọ̀nù 619 ènìyàn ni ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń dùn káàkiri ayé, wọ́n sì ṣírò pé tó bá fi máa di ọdún 2050, wọn yóò tó mílíọ̀nù 843. Kò sí àìsàn mìíràn láyé tó ń dá ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tó o. Irú òjò tó bá rọ̀ tó báyẹn, kò lè yọ ilé olówó sílẹ̀. Nínú ènìyàn 10 tí ẹ̀yìn ń dùn, nǹkan bíi 9 ni dókítà kò lè nawọ́ sí eegun tàbí iṣan kan pàtó kó ní ibí gan-an ló ti wá.

Ẹ̀rí kejì tiẹ̀ yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí kan kó àbájáde ìwádìí 33 jọ, èyí tí wọ́n fi ya àwòrán inú ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn ènìyàn 3,110 tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, tìmùtìmù kan wà níbẹ̀ tó ń gba ìjàǹbá ìrìn àti ẹrù. Nínú àwọn ọmọ 20 ọdún tí nǹkan kan kò ṣe, ìdá 37 nínú 100 ni tìmùtìmù yìí ti ń gbó lára wọn. Nínú àwọn ẹni 80 ọdún tí nǹkan kan kò ṣe, ìdá 96 ni. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá gbé àwòrán ẹ̀yìn alábàárù àti ti alágbàdá sójú iná, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má mọ èwo ni ti èwo, kó má tilẹ̀ mọ èyí tó ń dùn nínú wọn.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kó o la ń sọ, òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìyá náà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni irọ́ ti wọlé.

Ẹ wo ohun tí wọ́n rí ní Nẹ́dálándì. Àwọn dókítà níbẹ̀ kó ènìyàn 283 jọ tí tìmùtìmù ẹ̀yìn wọn ti yọ síta, tó ń fún fọ́nrán iṣan pọ̀, tí ìrora sì ń ta láti ìdí lọ sí ẹsẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ata ra á. Wọ́n pín wọn sí méjì. Wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan. Wọ́n ní kí apá kejì ní sùúrù, kí wọ́n máa lo oògùn ìrora, kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n sì padà wá fún iṣẹ́ abẹ bí ara bá kọ̀. Àwọn tí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni ìrora kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Nínú àwọn tó ní sùúrù, nǹkan bíi 4 nínú 10 ló padà lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Nígbà tí ọdún kan pé, ìdá 95 nínú 100 ní apá méjèèjì ló sọ pé ara àwọn ti yá. Ọdún 2007 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde, àwọn oníṣègùn sì ti ń tọ́ka sí i láti ìgbà náà pé bí a bá fún ara láyè, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ara máa ń wo ara rẹ̀.

Mo gba ìwádìí náà gbọ́. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa bi í: àyè tí wọ́n ní ká fún ara yẹn, ta ló ń san owó rẹ̀? Ní Nẹ́dálándì, òfin wọn ti dá a lóhùn. Bí òṣìṣẹ́ bá ń ṣàìsàn, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa san ó kéré tán ìdá 70 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ fún un, títí dé ọdún méjì. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ní sùúrù wọ̀nyẹn rí oúnjẹ jẹ nígbà tí wọ́n ń ní sùúrù.

Ìyá kan wà ní ìlú ìyá mi ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tó ń yan gàrí. Mo ti jókòó tì í lọ́pọ̀ ìgbà láti kékeré. Àpótí tó ń jókòó lé kò ga ju orókún ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Kí ooru iná má baà máa bà á lójú tààrà, ó ní láti fi ẹ̀gbẹ́ kan kọjú sí iná, kó yí ìbàdí, kó wá na ọwọ́ ọ̀tún sórí agbada. Igbá pẹlẹbẹ tó fi ń rò ó kò gbọdọ̀ dúró. Bó bá dúró, gàrí á di kókó, á jóná nísàlẹ̀. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ àtàrí, ìbàdí yíyí kan náà ni. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn kọ́kọ́ mú un tí kò lè nà tán, àpò ẹ̀gẹ́ rírin mẹ́ta wà lábẹ́ jáàkì, omi ti ń ro jáde lára wọn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gẹ́ rírin kì í dúró de ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Yóò kan kọjá ibi tí oníbàárà ń fẹ́. Owó tó sì fi ra ẹ̀gẹ́ ọ̀hún, owó àjọ ni. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré tó lọ sọ fún un kó lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dúpẹ́, ó ra oògùn ìrora ní kẹ́mísì, ó padà sídìí agbada lọ́jọ́ kejì.

Kò ṣe oríkunkun. Ohun tí nọ́ọ̀sì ní kó lò kò sí ní ọjà tirẹ̀ ni. Oògùn tó ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀yìn ni àkókò, àkókò sì ni tálákà kò rí rà. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé owó ti ń wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, kì í ṣe inú yàrá iṣẹ́ abẹ.

Àwọn kan á sọ pé kí n má tíì fi gbogbo rẹ̀ sọ́rùn owó, nítorí pé ẹrù gbígbé ló ń ba ẹ̀yìn jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà nítumọ̀. Nígbà tí Omokhodion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn wádìí láàárín òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ìgbèríko kan ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2000, àwọn nọ́ọ̀sì ni ẹ̀yìn dùn jù: ìdá 69 nínú 100 láàárín ọdún kan. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń gbé aláìsàn dìde, tí wọ́n ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹrù wà nínú ọ̀ràn náà lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rìn dé ilé iṣẹ́ Boeing ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Dókítà Stanley Bigos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó òṣìṣẹ́ 3,020 jọ níbẹ̀, wọ́n yẹ ara wọn wò, wọ́n wọn agbára wọn, wọ́n bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi, wọ́n wá ń ṣọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin láti mọ ẹni tí yóò wá sọ pé ẹ̀yìn ti mú òun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ẹni tí iṣan rẹ̀ kò lágbára tàbí tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù ni yóò kọ́kọ́ wá. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde jáde ní 1991, ohun tó yọrí jù, yàtọ̀ sí pé ẹ̀yìn ti mú ènìyàn rí, ni bóyá òṣìṣẹ́ náà gbádùn iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó sọ pé àwọn kì í sábà gbádùn iṣẹ́ wọn fi ìlọ́po méjì ààbọ̀ ju àwọn tó ń gbádùn tiwọn lọ nínú ẹni tó wá sọ pé ẹ̀yìn ń dùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní inú burúkú ló ń fa ẹ̀yìn dídùn. Ìwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kórìíra iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀yìn kò mú, ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ràn tirẹ̀ sì ni ẹ̀yìn mú. Ohun tí èmi rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ni, iṣẹ́ tí a kò lè fi sílẹ̀ tí a kò sì fẹ́ dé, àti owó oṣù tí kò tó ná, gbogbo wọn ló ń bá ni dé ibi tí ìrora ti ń pinnu bóyá òun á lọ tàbí òun á dúró. Ta sì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù? Ẹ ti mọ ìdáhùn.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ náà ti díjú, mi ò sì ní fò ó. Bí owó àti ààbò bá ń ran ẹ̀yìn lọ́wọ́, ó yẹ kí ẹni tí wọ́n ń san owó gbà-má-bínú fún nítorí ìpalára tètè yá ju ẹlòmíràn lọ. Òdìkejì ni wọ́n rí. Ní 2005, Ian Harris, oníṣẹ́ abẹ eegun ní Ọsirélíà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 211 jọ lórí oríṣiríṣi iṣẹ́ abẹ. Nínú 175, àwọn aláìsàn tí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú wà nílẹ̀ fún ni iṣẹ́ abẹ kò yọrí fún tó àwọn yòókù. Ọ̀kan ṣoṣo ló sọ pé ó sàn fún wọn jù. Ní Lìtúéníà, ní 1996, àwọn olùwádìí wá ènìyàn 202 tí ọkọ̀ mìíràn ti gbá ọkọ̀ wọn láti ẹ̀yìn ní ọdún kan sí mẹ́ta sẹ́yìn, ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò ti ní ìbánigbófò nígbà náà. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí, ọrùn dídùn àti orí fífọ́ wọn kò yàtọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa sọ lójú ẹsẹ̀ ni pé irọ́ ni wọ́n ń pa, wọ́n ń fi ẹ̀yìn wá owó. Bóyá àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ wọn. Nortin Hadler, oníṣègùn oríkèé ara ní Amẹ́ríkà, ti sọ ohun tó sún mọ́ òótọ́ jù: ẹni tí wọ́n bá ní kó máa fi ẹ̀rí hàn pé ara òun kò yá, kò lè rí ọ̀nà yá. Ẹ ro ó wò. Lóṣooṣù, wọ́n á ní kó gbé ìwé dókítà tuntun wá. Akọ̀wé á wò ó tìfuratìfura. Lọ́yà á ní kó má ṣe gbé nǹkan wúwo, kí wọ́n má baà rí i. Oṣù mẹ́fà, ọdún kan, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ̀yìn máa dùn ún. Ara á kọ́ iṣẹ́ náà. Ààbò tí a fi ìfura ṣọ́ kì í wo ẹ̀yìn. Owó oṣù tí àwọn ará Nẹ́dálándì ń gbà lórí bẹ́ẹ̀dì yàtọ̀ sí i, nítorí pé ẹ̀tọ́ wọn ni. Ọwọ́ tí owó fi ń wọlé ṣe pàtàkì bí owó fúnra rẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Òfin wà. Láti 2010 ni Nàìjíríà ti ní òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan, kí wọ́n lè fi tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2022, òfin mìíràn sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé orílẹ̀-èdè yìí. Inú mi dùn sí òfin méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìyá onígàrí kò ní agbanisíṣẹ́. Alábàárù kò ní. Ọlọ́kadà kò ní. Oníṣọ̀nà àti télọ̀ kò ní. Nínú owó tí wọ́n ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní ìdá 70 nínú 100 tó jẹ́ pé àpò aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde. Ẹ̀yìn tálákà ló ń gbé ẹrù, ẹ̀yìn náà ló tún ń san owó ara rẹ̀.

Ẹ̀rí kan wà tó dájú ju gbogbo èyí lọ, ó sì ti wà láàárín wa tipẹ́tipẹ́ ká tó gbọ́ orúkọ Boeing. Abuké ni. Àwọn baba wa ní ẹni òòṣà ni abuké, pé Ọbàtálá ló mọ ọ́n bẹ́ẹ̀, torí náà wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣẹ̀sín. Mo bọ̀wọ̀ fún ìlànà yẹn, ó dáàbò bo ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí iké yọ sí lẹ́yìn nígbà tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ikọ́ ẹ̀gbẹ jẹ eegun ẹ̀yìn wọn. Kòkòrò kan náà tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń gba ojú ẹ̀jẹ̀ dé eegun, tó ń jẹ iwájú eegun títí yóò fi wó, tí ẹ̀yìn á sì tẹ̀ síwájú. Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1779, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é di òní.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ tálákà dunjú. Yàrá kan tí ènìyàn mẹ́jọ ń sùn sí ló fẹ́ràn, àti ara tí oúnjẹ kò dé dáadáa. Ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, Medical Research Council ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ọ̀pá ẹ̀yìn ní Kòríà. Títí di ìgbà náà, wọ́n máa ń dá aláìsàn náà dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ oṣù, tàbí kí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun di gbogbo àyà rẹ̀. Ìwádìí náà fi hàn pé ẹni tó ń rìn káàkiri, tó ń gba oògùn láti ilé, kò yá kéré sí ẹni tí wọ́n dá dùbúlẹ̀, àti pé símẹ́ńtì funfun kò fi nǹkan kan kún un. Kí onítọ̀hún gba oògùn náà pé, kó má fò ó, ìyẹn ni ìdí ọ̀rọ̀. Ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni oògùn náà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Owó ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọjọ́ ọjà tí ènìyàn pàdánù kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oṣù tó ti fi mu àgbo ọ̀pá ẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ikọ́, nígbà tí ibà alẹ́ àti rírù ti ń sọ fún gbogbo ilé pé ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀yìn lásán lọ.

Mo dárúkọ àgbo, mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ìyá alágbo ni mò ń bá jà. Ẹ jẹ́ ká béèrè ìdí tí àwa gan-an fi gbà pé ẹ̀yìn ò mọ olówó. Ọ̀kan ni pé ojú wa rí i: ọba mú ọ̀pá ìtìlẹ̀, àgbẹ̀ náà mú tirẹ̀. Òmíràn jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ wa, bí ẹ̀yìn bá ti mú wa, jẹ̀díjẹ̀dí la kọ́kọ́ ń fẹ̀sùn kàn. Wọ́n á ní o fẹ́ràn ohun dídùn jù, o fi ṣúgà sí gàrí jù, mílíìkì ti pọ̀ jù lára rẹ. Ẹ wo ohun tí àlàyé yẹn ń ṣe: ó mú ẹ̀bi kúrò lórí ẹrù, lórí àpótí kúkúrú, lórí ọ̀gá tí kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ jókòó, ó wá gbé e sórí ẹnu aláìsàn. Ẹni tí ń mu gàrí nítorí pé òun lówó rẹ̀ ká, a tún ní gàrí ló pa á lẹ́yìn. Mi ò tíì rí ẹ̀rí kankan pé ṣúgà inú gàrí ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí àlàyé náà fi tù wá nínú. Ṣúgà ṣeé jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ kò ṣeé jáwọ́.

Ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ nípa ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Chinonso Igwesi-Chidobe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí èyí ní ìgbèríko ìpínlẹ̀ Ẹnúgu, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017. Ohun tí àwọn ènìyàn rò nípa àìsàn náà, ìbẹ̀rù wọn àti àníyàn wọn wà lára ohun tó bá àìlèṣiṣẹ́ wọn rìn jù. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé “eegun ẹ̀yìn rẹ ti jẹ tán” yóò máa rìn bí ẹni tó ru ẹyin. Olówó á lọ bi dókítà kejì àti ẹ̀kẹta títí yóò fi rí ẹni tí yóò sọ fún un pé àwòrán yẹn kò burú tó bẹ́ẹ̀. Tálákà á mú gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn lọ sílé, á sì máa gbé pẹ̀lú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn àwọn dókítà fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1995, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde láti Helsinki, ní Fínlándì, lórí òṣìṣẹ́ ìlú náà 186 tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Wọ́n ní kí àwọn kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí àwọn kan máa na ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, kí àwọn tó kù sì máa bá ìgbòkègbodò ojoojúmọ́ wọn lọ níwọ̀n bí ara bá ti gbà. Àwọn tó ń bá ìgbòkègbodò wọn lọ ló kọ́kọ́ yá. Láti ìgbà náà, “má dùbúlẹ̀, máa rìn, máa ṣe iṣẹ́ rẹ” ni ọ̀pọ̀ dókítà ń sọ, ìmọ̀ràn tó dára sì ni. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ alábàárù? Àpò símẹ́ńtì kan, kílò 50 ni. Ó ń gbé e láti ara ọkọ̀ dé inú ilé ìtajà, bóyá ìgbà ogójì kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ bá sọ fún un pé kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ kò tíì sọ ohun kan náà tí ẹ sọ fún akọ̀wé ọ́fíìsì. Ó yẹ kí dókítà bi í léèrè kí ó tó là á sílẹ̀: kí lẹ̀ ń gbé, ẹ̀ẹ̀melòó lójọ́, ta ló lè bá yín gbé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

Ó ku àwọn tó gbà pé ọ̀nà àbáyọ ni kí ènìyàn lówó tó ká ọkọ̀ òfuurufú, kó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Íńdíà. Mo mọ àwọn ìdílé tó ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti 1962 tí Latunde Odeku, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ọmọ Àwẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Ó sì ní àwọn tí kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, ẹni tí kò mọ ìgbà tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára rẹ̀, ẹni tí ojú abẹ́ rẹ̀ kú tipiri, ẹni tó já lórí igi tàbí lórí ọ̀kadà. Ìyẹn ọ̀rọ̀ wákàtí ni, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀. Fún ẹ̀yìn dídùn lásán tí kò ní àmì wọ̀nyí, ọ̀bẹ kì í sábà jẹ́ ìdáhùn, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Íńdíà. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gbé ìlànà jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 lórí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tó ń dùn pẹ́, ohun tí wọ́n fi síwájú ni ẹ̀kọ́ tó yé aláìsàn, eré ìdárayá àti ìtọ́jú tó kan ọkàn, lára àwọn nǹkan mìíràn tí kò ná owó ilẹ̀. Olówó tó yá ní Íńdíà, mo rò pé lọ́pọ̀ ìgbà, oṣù mẹ́ta tó fi sinmi kó tó padà síṣẹ́ ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, irọ́ ni mo pe ọ̀rọ̀ ìyá alágbo, irọ́ tí òótọ́ wà ní ìdajì rẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ti bá a sọ ọ́. Ó gbọ́ mi tán, ó ro ó, ó ní alábàárù yẹn kò tíì padà wá láti oṣù méjì, òun sì ń ṣàníyàn nípa rẹ̀.

Ìyá onígàrí ńkọ́? Ohun tó yí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ padà kò wá láti ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kẹrin tó ti ń fi oògùn ìrora ti ara rẹ̀ lẹ́yìn, obìnrin mẹ́rin tí wọ́n jọ ń lo jáàkì kan náà wá bá a nílé. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn ṣe àáró fún un. Àáró tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣe lóko láyé àtijọ́ ni: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ìyá kan yan àpò kìíní, èkejì yan èkejì, wọ́n gbé owó rẹ̀ fún un, wọ́n sì kọ̀ kó dé ìdí iná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń rìn lọ sí ọjà, ó ń rìn bọ̀, ó ń ṣa èérún nínú gàrí tó ti tutù, àwọn ọmọ ń pọn omi fún un. Káfíńtà àdúgbò sì gba igi lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó kan àpótí tuntun fún un, ó gbé àdògán sókè díẹ̀ kó lè kọjú sí iná láìyí ìbàdí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó padà. Nígbà tí mo lọ kí i lọ́dún tó kọjá, àpótí gíga náà ló jókòó lé, ó ń yan àpò gàrí obìnrin kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn, tí ẹ̀yìn tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú.